Ẹni Tó Bá Pè fún Ìpín

Àtìní, ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kejì

Lọ́yà ránṣẹ́ sí wa pé kí a máa kọ ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, pé ní kóòtù, ẹni tí kò bá rántí ọjọ́, irọ́ ni wọ́n ń pè é. Èmi kò mọ̀wé. Nimotallahi, ìyàwó ọmọ mi, ló ń kọ. Èmi ń sọ. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má bá mi fi iyọ̀ sí i. Bí mo bá bú ọkọ rẹ̀, kó kọ èébú náà bó ṣe jáde lẹ́nu mi.

Mo bú ọkọ rẹ̀. Akóredé gọ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń pè fún orílẹ̀-èdè Yorùbá lọ gbé àsíá kọ́ sí oríta kan lọ́nà Akínyẹlé. Wọ́n ka ìwé sétí èrò pé láti ọjọ́ náà lọ, ilẹ̀ Yorùbá ti kúrò lára Nàìjíríà. Ọlọ́pàá kó wọn. Àwọn yòókù, ìwé àti àsíá ni wọ́n bá lọ́wọ́ wọn. Ti Akóredé, àdá ni. Láti oko ló ti gba ibẹ̀ lọ. Ó so àdá mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà rẹ̀ bí gbogbo wa ṣe ń so ó, kò sì rántí tú u. Ọlọ́pàá ní ohun ìjà ni, pé ó fẹ́ fi dojú ìjọba bolẹ̀. Àdá tí a fi ń ṣán ìdí ẹ̀gẹ́!

Hàjàrá bí ọmọ mẹ́rin fún mi. Mẹ́ta ti wà nínú ilẹ̀, òun náà sì bá wọn lọ lọ́dún kẹta sí ìsinsìnyí. Akóredé nìkan ló kù. N kì í sunkún mọ́, omi ibẹ̀ ti gbẹ. Ṣùgbọ́n n ó gbé e jáde kúrò níbi tó wà yẹn.

Àlàmísì, ogúnjọ́, oṣù Kejì

Adájọ́ májísíréètì ní ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ ju agbára òun lọ, òun kò lè gbọ́ ọ. Síbẹ̀, agbára rẹ̀ tó láti ní kí wọ́n kó wọn lọ sọ́gbà ẹ̀wọ̀n, kí wọ́n lọ máa dúró de ẹni tí agbára rẹ̀ tó. Akóredé rí mi láàrin èrò, ó dọ̀bálẹ̀ tòun ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. Ọlọ́pàá kan fà á dìde. Ọmọ Yorùbá lòun náà. Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tó ń fà á.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹta

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Oòrùn mú bí iná. Kò sí àmì òjò rárá.

Àtàláátà, ọjọ́ kẹrin

A lọ bá lọ́yà ní Ìbàdàn. Láti abà wa dé Akínyẹlé nìkan, ọ̀kadà ti di ẹgbẹ̀rún náírà. Olúwadọ̀tun lorúkọ lọ́yà náà. Obìnrin ni, ọmọ kékeré lójú mi, àmọ́ kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fúnni, mo sì fẹ́ràn ìyẹn.

Mo bi í pé, “Ìyá mi, kí ni òfin sọ? Ṣé èèyàn kò gbọdọ̀ sọ pé òun fẹ́ lọ ni?”

Ó ní, “Èèyàn lè sọ ọ́, Bàbá. Ẹnu kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ó lè kọ̀wé, ó lè wọ́de, ó lè lọ bá àwọn aṣòfin. Àmọ́ bó bá gbé ohun ìjà láti fi ṣe é, ọ̀tẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀wọ̀n gbére wà níbẹ̀.”

“Bó bá wá fẹ́ lọ ní pẹ̀lẹ́tù, ẹnu ọ̀nà wo ni yóò gbà?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ìbẹ̀rẹ̀ ìwé òfin wa gan-an ló ti sọ pé Nàìjíríà kan ni, kò ṣeé pín, kò ṣeé tú ká. Ní ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn, apá tó bá fẹ́ lọ lè dìbò, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Tiwa kò ní in. Àfi kí wọ́n tún ìwé òfin náà ṣe: ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin Àbújá, àti ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀.”

“Ìyẹn ni pé àwọn tí a fẹ́ fi sílẹ̀ ni yóò gbà pé ká máa lọ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Ilé tí kò nílẹ̀kùn ni wọ́n kọ́ nìyẹn.”

“Ó nílẹ̀kùn àbáwọlé,” ó ní. “Àbájáde ni kò sí.”

Ó ní irú ẹjọ́ báyìí lè gba ọdún mẹ́rin, ọdún márùn-ún. Mo wo ọwọ́ ara mi. N kò mọ̀ bóyá mo ní ọdún márùn-ún.

Àlàrùba, ọjọ́ kejìlá

Wọ́dà ọgbà ẹ̀wọ̀n jẹ́ ká rí Akóredé. Àwọ̀n irin wà láàrin wa. Ó ti rù, ọrùn rẹ̀ gùn bí ti adìyẹ òpìpì.

Mo ní, “Lọ́yà ní agbẹjọ́rò ìjọba ti bá òun sọ̀rọ̀. Bí o bá kọ̀wé pé o ti jáwọ́, pé àṣìṣe ni, wọ́n lè dín ẹ̀sùn náà kù.”

“Bàbá, n kò ní kọ ọ́.”

“O kò ní kọ kí ni?”

“Bí mo bá kọ ọ́, irọ́ ni mo pa. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n má purọ́.”

“Mo tún kọ́ ọ pé kí o máa tú àdá kúrò lẹ́yìn ọ̀kadà.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́wọ̀n tó jókòó tì í náà rẹ́rìn-ín. Inú bí mi pé inú mi dùn.

Mo ní kó rántí Roheem, ẹ̀gbọ́n mi. Roheem lọ sógun Bìáfúrà kí wọ́n lè fi tipátipá mú àwọn Ìbò dúró. Bàtà rẹ̀ ni wọ́n mú wá fún ìyá mi. Mo ní, “Ohun tí ìyapa máa ń jẹ nìyẹn. Ènìyàn ni oúnjẹ rẹ̀.”

Ó ní, “Ìyapa kọ́ ló pa wọ́n. Kíkọ̀ ni. Ẹni kan ní òun fẹ́ lọ, ẹnì kejì kọ̀ láti jókòó sọ ọ́. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Láti ìgbà tí àbúrò yín, bàbá Bọ̀dá Kọ́lápọ̀, ti kú ni Bọ̀dá Kọ́lápọ̀ ti ń pè fún ìpín ilẹ̀ ẹbí wa. Kí lẹ sọ fún wọn? Ẹ ní ilẹ̀ Oyèbánjí kan ni, kò ṣeé pín. Bàbá, ẹ̀yin ni Nàìjíríà abà wa.”

Mo dìde. Mo ní kó máa gbádùn ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Nimotallahi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ti kọ gbogbo èyí báyìí. Mo mọ̀ pé ó gbádùn bó ṣe ń kọ ọ́.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Òjò kékeré rọ̀ ní àsìkò ìṣínu, kò wọ ilẹ̀. Àwọn kan ti ń fi ìkánjú gbin àgbàdo. Èmi kò gbìn. Òjò tó wá kíni lásán kì í ṣe àlejò tí à ń gún iyán fún.

Àlàrùba, ọjọ́ kọkàndínlógún

Kóòtù gíga fún wọn ní béèlì lónìí. Nimotallahi sunkún, mo ní kó dákẹ́ ká gbọ́ èyí tó kù.

Èyí tó kù burú. Àwọn yòókù, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ni kó dúró fún wọn. Akóredé, nítorí àdá, onídùúró tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀ láàrin agbègbè kóòtù, pẹ̀lú ìwé. Bí Akóredé bá sá, ìjọba gba ilẹ̀ náà.

Mo dìde níbi tí mo jókòó sí, mo ní, “Mo nílẹ̀!” Wọ́n ní kí n jókòó.

Níta, lọ́yà ní, “Bàbá, ilẹ̀ ẹbí ni tiyín. Ti gbogbo yín ni, kì í ṣe ti ẹyọ ẹnì kan. Kóòtù kò ní gbà á. Àfi kí ẹ pín in. Kí gbogbo ìdí-igi fọwọ́ sí i, kí tiyín dá dúró.”

Kí tiyín dá dúró. Ohun tí ọmọ mi ń torí rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n gan-an nìyẹn.

Ó ní kí n sọ bí ilẹ̀ náà ṣe rí, kí Nimotallahi kọ ọ́ fún òun. Kò le. Oyèbánjí, bàbá mi, fẹ́ ìyàwó méjì. Ìdí-igi méjì nìyẹn. Èmi Ṣítù ni mo kù nínú ti ìyá mi. Kọ́lápọ̀, ọmọ àbúrò mi tó ti kú, ló di ti ìyá kejì mú. Ilẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ títì, ó sì parí sí odò. Apá títì tẹ́jú, ó gbẹ, ibẹ̀ ni àwọn tó ń kọ́lé rẹpẹtẹ fún ará ìlú ńlá ń fẹ́ rà. Ibẹ̀ náà ni sàréè ẹbí wà. Apá odò jẹ́ akúrọ̀, ilé mi wà lókè rẹ̀ díẹ̀. Ó parí.

Jímọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

Kí n tó fọwọ́ kan ilẹ̀, mo ní kí n kọ́kọ́ wá ẹlòmíràn tí yóò dúró. Mo lọ sọ́dọ̀ Àlàájì tó nílé epo. Ó ṣe mí lálejò dáadáa. Ó ní, “Bàbá Akóredé, ẹ ní kí n fún yín lówó, n ó fún yín. Ẹ má fi orúkọ mi sínú ìwé ìjọba.” Mo lọ sí Alákìá, sọ́dọ̀ ọmọ ìyá Hàjàrá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní ìjọba ṣì ń san owó ìfẹ̀yìntì fóun. Ó bẹ̀ mí kí n má bínú. N kò bínú. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn Akóredé, gbogbo wọn ló sì ń fi ohùn jẹ́jẹ́ dárúkọ rẹ̀ bí ẹni ń dárúkọ òkú.

Kò tíì kú. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Àtìní, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo lọ sọ́dọ̀ Mojíbọ́lá, ìyá Kọ́lápọ̀, opó àbúrò mi. Ilé rẹ̀ wà lápá títì. Ó ń ro àmàlà ìṣínu, ó gbójú sókè.

“Ọkọ mi! Ẹ̀yin náà lẹ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi lónìí? Ṣé ẹsẹ̀ yín kò ṣìnà?”

“Kò ṣìnà. Kọ́lápọ̀ ni mo ń wá.”

“Kọ́lápọ̀ wà ní ilé rẹ̀ ní Adégbayì. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìpín ilẹ̀ ni, ó ní òun kò fẹ́ mọ́.”

“Kò fẹ́ kí ni?”

“Ìpín. Ó ní ilẹ̀ Oyèbánjí kan ni, kò ṣeé pín. Ẹnu yín ló ti gbọ́ ọ.” Ó ju ọwọ́ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Ọkọ mi, ẹ̀yin àgbà, ẹ mà mọ ọmọ kọ́ o!”

Mo mọ ohun tí Kọ́lápọ̀ ń ṣe. Bàbá wa fi òfin kan lélẹ̀ kó tó kú, gbogbo ẹbí ló sì mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá pè fún ìpín, òun ni yóò mú tirẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó ṣe é bẹ́ẹ̀ kó má baà yá ẹnikẹ́ni lára láti pè é. Ní gbogbo ìgbà tí Kọ́lápọ̀ ń pariwo ìpín, èmi ni ì bá kọ́kọ́ mú, apá títì ni n bá sì mú. Nísinsìnyí ó dákẹ́. Ó ti gbọ́ nípa béèlì. Ó ń dúró kí n pè é lẹ́nu ara mi, kó lè mú apá títì.

Apá títì ni Hàjàrá dùbúlẹ̀ sí.

Ọmọ yẹn gbọ́n. Bàbá rẹ̀ kò gbọ́n tó o.

Àlàrùba, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè Hàjàrá títí wọ́n fi pe ìrun alẹ́.

Àìkú, ọgbọ̀njọ́

Wọ́n túnu ààwẹ̀. Nimotallahi se ìrẹsì, ó dín adìyẹ, a gbé e lọ sọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Wọ́dà tọ́ ọ wò, ó tọ́ ọ wò ju bó ṣe yẹ lọ.

Akóredé ti gbọ́. N kò mọ ẹni tó sọ fún un, àmọ́ mo mọ ẹni tó ń kọ̀wé yìí.

Ó ní, “Bàbá, ẹ má pè fún ìpín. N ó dúró níbí títí ẹjọ́ á fi parí. Ẹ má fi sàréè ìyá mi gbà mí sílẹ̀.”

“Tó bá gba ọdún márùn-ún ńkọ́?”

“Kó gbà á.”

“Ìyá rẹ ti kú, Akóredé. Ìwọ kò tíì kú. Òun tó ti kú, kò síbi tó ń lọ. Bí mo bá mú un dání tí mo jẹ́ kí ìwọ jẹrà síbí, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bi mí pé kí ni mo ń mú dání.”

Ó gbé orí lé àwọ̀n irin náà. N kò rí ọ̀nà fọwọ́ kàn án.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹrin

Mo pe ìpàdé ẹbí. Baálẹ̀ wá, Lèmọ́mù wá, lọ́yà ti Ìbàdàn wá. Kọ́lápọ̀ gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ dé, ó wọ agbádá funfun bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Kì í ṣe aláìníwà, n kò lè parọ́ mọ́ ọn.

Baálẹ̀ ní, “Ta ló pè wá?”

“Èmi ni.”

“Kí lẹ pè wá fún?”

Kọ́lápọ̀ ń wo àjà bí ẹni ń ka pákó ibẹ̀.

Mo ní, “Ìpín.”

Kọ́lápọ̀ ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, kí etí gbogbo wa lè gbọ́ ọ dáadáa. Ta ló pè fún ìpín?”

“Èmi Ṣítù, ọmọ Oyèbánjí, mo pè fún ìpín. Àbí kí n gun orí òrùlé kí n tún un pè?”

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Mojíbọ́lá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Òun àti Hàjàrá ni wọ́n jọ ń bó ẹ̀gẹ́, tí wọ́n jọ ń yan gààrí, títí Hàjàrá fi kú.

Baálẹ̀ ní kí Kọ́lápọ̀ mú. Ó ní apá títì. Kò ronú rárá, ó ti ronú tán kó tó dé.

Mo ní ó dára. Mo ní ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́: kí lọ́yà kọ ọ́ sínú ìwé pé ọ̀nà wà láti ilé mi dé sàréè.

Kọ́lápọ̀ ní, “Bàbá, n kò ní tú sàréè kankan, mo fi Ọlọ́run búra. Àmọ́ n kò lè kọ ọ̀nà sínú ìwé. Ẹni tó fẹ́ rà á, bó bá rí ọ̀nà ẹlòmíràn nínú rẹ̀, á sá lọ ni.”

Lọ́yà wò mí. Ó sọ lábẹ́lẹ̀ pé, “Bàbá, a lè fa ọ̀rọ̀ yìí. Ó lè gba oṣù díẹ̀, àmọ́ ẹ ó rí i gbà.”

Oṣù díẹ̀. Ọmọ mi ń sùn lórí sìmẹ́ńtì.

Mo ní kó fò ó. Mo ní kó kọ èyí tó kù, kí n tẹ̀ka.

Mojíbọ́lá dìde, ó bọ́ síta láì kí ẹnikẹ́ni.

Àlàmísì, ọjọ́ kẹwàá

Sọ́fè tó máa wọn ilẹ̀ wá pẹ̀lú ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀. Ó ri òpó sìmẹ́ńtì kéékèèké mọ́lẹ̀ láàrin ilẹ̀ tí bàbá mi ro. Níbi tó bá ti ri ọ̀kan, èmi náà ń ri pèrègún tì í. Ó ní, “Bàbá, kí lẹ tún fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Tèmi ti wà nínú kọ̀ǹpútà.” Mo ní tirẹ̀, olè lè hú u fi kọ́ ìdáná. Pèrègún, bí o bá gé e, á tún rú.

Ìlà náà gba iwájú ilé mi kọjá. Láti ẹnu ọ̀nà mi, mo ń rí ibi tí Hàjàrá wà. N kò nílẹ̀ níbẹ̀ mọ́.

Àtìní, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Òjò gidi dé. Mo gbin àgbàdo, ó pẹ́ díẹ̀. Ajílẹ̀ ti wọ́n kọjá ohun tí èèyàn lè rà, mo lọ kó ìgbẹ́ adìyẹ.

Àlàrùba, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Karùn-ún

Òṣìṣẹ́ kóòtù wá wo ilẹ̀. Bàtà rẹ̀ ń dán. Nígbà tó dé akúrọ̀, bàtà náà kò dán mọ́, inú bí i.

Ó ní, “Bàbá, ilẹ̀ yìí lẹ fẹ́ fi dúró fún ẹni tó fẹ́ gba ìjọba? Omi ni gbogbo rẹ̀.”

“Ó ń so ẹ̀fọ́ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ tí ti gbogbo ayé ti gbẹ. Kí ni tìjọba ń so?”

Nimotallahi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

Ó ní, “Bí ọmọ yín bá sá ńkọ́?”

“Kì í sá. Ìyẹn gan-an ló kó bá a.”

Ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó ń fi ewé nu bàtà rẹ̀. Kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Jímọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún

Kò tíì sí èsì. Wọ́n ní ọ̀gá tó máa fọwọ́ sí i rìnrìn àjò. Mo lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn láti òwúrọ̀. Mo ti sọ fún wọn pé n ó wá lọ́la, n ó sì wá lọ́túnla. Wọ́n ní Àbámẹ́ta ni lọ́la, wọn kì í ṣiṣẹ́. Mo ní ó dára, n ó wá lọ́jọ́ Àtìní.

Àtìní, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo lọ.

Àtàláátà, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo lọ. Akọ̀wé kan ra ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín fún mi. Ó ní, “Bàbá, ẹ máa lọlé, àwa la máa pè yín.” Mo jẹ ẹ̀kọ náà, n kò lọ.

Àlàrùba, ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹfà

Wọ́n tú u sílẹ̀.

Mo tẹ̀ka síbi mẹ́rin. Wọ́n ní kó máa wá fara hàn lọ́dọ̀ ọlọ́pàá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó má lọ sí ìpàdé kankan, kó má gbé àsíá kankan. Wọ́n sún ẹjọ́ náà sí oṣù Kẹwàá. Lọ́yà Olúwadọ̀tun ní òun máa mú mi wá jẹ́rìí nípa àdá, kí n sọ bí àgbẹ̀ ṣe ń so ó. Mo ní mo ti múra tán.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ létí títì, Akóredé yà sí sàréè ìyá rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù ti wà nílẹ̀ níbẹ̀, Kọ́lápọ̀ fẹ́ mọ odi yí apá tirẹ̀ ká. Akóredé dúró láàrin búlọ́ọ̀kù náà, ó kà nínú Kùránì sókè. Nimotallahi fẹ́ lọ bá a, mo dì í lọ́wọ́ mú.

Jímọ̀, ọjọ́ kẹfà

Iléyá. A kò pa àgbò lọ́dún yìí. A jẹun papọ̀, ìyẹn náà tó.

Akóredé ní, “Bàbá, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Bí wọ́n bá dá wa láre, n ó tún jáde lọ sọ ọ́.”

Mo ní, “Sọ ọ́. Ọmọ ẹni kì í ṣe ẹran tí a rà bọ̀ láti ọjà. N kò fi ilẹ̀ ra ẹnu rẹ.”

Ó dìde lọ ro oko.

Àtàláátà, ọjọ́ kẹwàá

Kọ́lápọ̀ wá lónìí pẹ̀lú àwọn bíríkìlà, wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo kún ọkọ̀ akẹ́rù kan. Wọ́n fẹ́ fa omi odò láti fi po sìmẹ́ńtì odi náà. Akóredé ti wà nídìí pèrègún kó tó dé ibẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, Bọ̀dá Kọ́lápọ̀. Ẹ dúró níbẹ̀ yẹn.”

“Akóredé! Káàbọ̀ o. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Omi díẹ̀ ni mo fẹ́ fà.”

“Omi ta ni?”

“Omi Ọlọ́run ni.”

“Nígbà tó wà lókè, ti Ọlọ́run ni. Láti ìdí pèrègún yìí lọ, tiwa ni. Ẹ̀yin náà fọwọ́ sí ìwé rẹ̀.”

Kọ́lápọ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó wò mí níbi tí mo jókòó sí.

Ó ní, “Ṣé orílẹ̀-èdè tí ẹ̀ ń sọ pé ẹ fẹ́ dá sílẹ̀ nìyí? Ibodè omi ni ẹ fi bẹ̀rẹ̀?”

“Omi ń kọjá ibodè, Bọ̀dá. Àmọ́ wọ́n máa ń jókòó sọ ọ́ kó tó kọjá.”

“Ìyá mi ń mu omi yìí láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e níyàwó wọ abà yìí!”

“Ìyá mi ń gba ilẹ̀ yẹn kọjá láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e níyàwó wọ̀ ọ́. Ó ṣì wà níbẹ̀.”

Àwọn bíríkìlà pa ẹ́ńjìnnì. Mojíbọ́lá ti jáde sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó kígbe láti òkèèrè pé, “Kọ́lápọ̀, jókòó! Àbí o fẹ́ kí n máa ra omi inú ọ̀rá mu lọ́jọ́ ogbó mi?”

Kọ́lápọ̀ jókòó, lápá tirẹ̀. Akóredé jókòó, lápá tiwa. Pèrègún wà láàrin wọn. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n pariwo, wọ́n bú ara wọn, Kọ́lápọ̀ dìde lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tó fẹ́ lọ, ó tún jókòó. Ó ní ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ yóò sá. Akóredé ní ẹni tó bá ra ilẹ̀ tí kò lómi, yóò tún sá padà. Níkẹyìn, ó di pé ọ̀nà máa wà láti ìdí pèrègún dé sàréè, kò sí odi lórí rẹ̀, lọ́yà yóò sì kọ ọ́. Odò yóò ṣí sílẹ̀ fún Mojíbọ́lá, fún Kọ́lápọ̀, àti fún ẹni yòówù tó bá ń gbé apá títì, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀nà náà bá ṣí sílẹ̀.

Kọ́lápọ̀ ní, “Ó dáa. Kó fẹ̀ tó báwo? Ẹsẹ̀ ẹnì kan?”

Akóredé la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó wò mí, ó yára gbójú kúrò. Kọ́lápọ̀ náà wò mí, òun náà gbójú kúrò. Àwọn tó ti ń bú ara wọn láti àárọ̀ kò rí ẹnu sọ ọ́.

Mo dìde. Mo ní, “Kó fẹ̀ tó láti gbé mi kọjá.”

Mo lọ dúró síbi tí ọ̀nà náà máa ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí Akóredé dúró sí ọ̀tún mi, kí Kọ́lápọ̀ dúró sí òsì mi, kí wọ́n na ọwọ́ bí ẹni tó gbé òkú. Wọ́n dúró. N kò tíì wà láàrin àwọn méjèèjì bẹ́ẹ̀ rí. Nimotallahi fi igi fa ìlà sílẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ wọn dé, ọ̀kan lápá ọ̀hún, ọ̀kan lápá ìhín.

Mo wò ó. Mo ní kí wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí i.

Kọ́lápọ̀ ní, “Bàbá, ó ti tó. Èèyàn mẹ́rin á gbé pósí gbà á.”

Mo ní kò tó. Ẹni tó ń sunkún kì í rìn tààrà.

Wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí i.